Ẹni Tó Kọjá Géètì Kẹ́yìn

"Ìwọ lo fi géètì yẹn sílẹ̀, Ketill! Ìwọ gan-an!"

Orí ẹṣin ni Steinvör ti sọ ọ́, lójú gbogbo ará àfonífojì, ohùn rẹ̀ sì bo igbe àgùntàn mọ́lẹ̀. Ketill, ẹni ọdún mọ́kànléláàádọ́rin, ń so gàárì ẹṣin tirẹ̀. Kò gbójú sókè.

"Ó dáa," ló wí.

Ì bá sàn kó jiyàn. "Ó dáa" yẹn ló tún wá bí Steinvör nínú jù.

Ọjọ́ ìyàsọ́tọ̀ ni, ọjọ́ tí kálukú ń ṣa àgùntàn tirẹ̀ nínú agbo ńlá kó tó kó wọn lọ sílé de ìgbà òtútù. Steinvör ni olórí àwọn tó ń gẹṣin kó wọn sọ̀kalẹ̀ láti orí òkè, obìnrin àkọ́kọ́ tí wọ́n fi ṣe olórí níbẹ̀, ẹnikẹ́ni kò sì kábàámọ̀ rẹ̀ rí. Bó bá ní kí wọ́n dúró nínú kùrukùru, ogún ọkùnrin á dúró láìbéèrè ìdí. Ṣùgbọ́n lọ́jọ́ mẹ́jọ sẹ́yìn, ẹnì kan kò ti géètì orí òkè. Àgùntàn mọ́kànlá yọ́ padà sókè, yìnyín sì ká wọn mọ́bẹ̀. Òkú méje ni wọ́n hú jáde. Ketill ló ni gbogbo wọn. Síbẹ̀, láti ọjọ́ náà, kò sí ilé ìdáná tí Steinvör kò ti sọ ọ́ pé ojú bàbá náà ti ń kú, pé iyè rẹ̀ ti ń rá, pé ó yẹ kí wọ́n yọ ọ́ kúrò láàárín àwọn agẹṣin. Ọ̀sán yìí gan-an ló fẹ́ gbé e kalẹ̀ níwájú ìpàdé.

Hallbera, ẹ̀gbọ́n Steinvör, di ìjánu ẹṣin rẹ̀ mú. "Àgbà lò ń pè ní 'ìwọ' yẹn o."

"Àgbà tó ń gbàgbé nǹkan ńkọ́?"

"Ṣó dá ẹ lójú?"

"Èmi ni mo ti géètì, ẹ̀gbọ́n mi. Ó ní láti jẹ́ pé ó padà síbẹ̀ lẹ́yìn mi ni."

"Kó padà lọ ṣe kí ni, nínú kùrukùru?"

Steinvör bá kanra mọ́ Hallbera náà.

Ibi tí wọ́n ti ń fa ọ̀rọ̀ yìí ni ẹnì kan ti pè lórí fóònù: wọ́n ti rí àgùntàn mẹ́rin tó kù létí odò, lókè géètì. Ketill gun ẹṣin rẹ̀. Olórí kì í jẹ́ kí arúgbó dá gòkè. Steinvör tẹ̀ lé e.

Wọ́n bá àwọn àgùntàn náà létí odò. Àwọn mẹ́rẹ̀ẹ̀rin ti rù, yìnyín so mọ́ irun wọn. Ketill súfèé, wọ́n sì tọ̀ ọ́ wá. Ó fọwọ́ kan orí wọn lọ́kọ̀ọ̀kan. Èyí tí kò lè rìn mọ́, ó gbé e síwájú gàárì. Nígbà tí wọ́n dé géètì, ó kó wọn kọjá, ó ku Steinvör lẹ́yìn, gẹ́gẹ́ bíi tọjọ́sí; ẹni tó kẹ́yìn ló sì ń ti géètì.

Ó sọ̀kalẹ̀, ó ti géètì dé. Ó wá okùn tó ti ń fi kọ́ ọ mọ́ òpó láti ọgbọ̀n ọdún. Kò sí okùn. Irin tuntun kan ló wà níbẹ̀. Ó fà á, kò wá. Ó tì í, kò lọ. Ó bọ́ ìbọ̀wọ́, irin náà sì ta á lọ́wọ́ bí iná.

"Kọ́kọ́ tẹ̀ ẹ́ wálẹ̀, kó o tó yí i!" Ketill ké láti iwájú. "Mo ṣẹ̀ṣẹ̀ fi síbẹ̀ ni. Ọjọ́ kejì ẹ̀ la kó agbo sọ̀kalẹ̀."

Ọwọ́ Steinvör dúró lórí irin. Ká ní ó ti géètì yìí lọ́jọ́ náà ni, ọwọ́ rẹ̀ ì bá ti mọ̀ ọ́n.

Ọjọ́ náà wá padà sí i lójú. Fóònù dún nínú kùrukùru. Ísleifur ọmọ rẹ̀ ni. "Màmá, ẹ má retí mi mọ́. Mi ò ní padà sóko." Lẹ́yìn ìyẹn, ọrùn ẹṣin ló ń rí, àti omijé. Kò rántí géètì kankan.

"Ketill, ṣé ẹ rí mi lọ́jọ́ náà?"

"Mo rí ẹ. Ò ń sunkún. Mo bá gbójú kúrò. Nígbà tí mo fi máa wẹ̀yìn padà, kùrukùru ti bò ẹ́."

"Kí ló dé tí ẹ ò sọ?"

"Kí n sọ pé olórí wa ń sunkún?" Ó fọwọ́ nu imú. "Ó yẹ kí èmi náà ti padà lọ wo géètì náà."

Wọ́n ní bí irọ́ lọ fún ogún ọdún, ọjọ́ kan ni òtítọ́ máa bá a. Ṣùgbọ́n Steinvör kò purọ́, ohun tó ń bà á lẹ́rù gan-an nìyẹn. Ó ti gbà á gbọ́ dé inú egungun. Ó ti ń rí ọwọ́ tó fi géètì sílẹ̀ lójú inú rẹ̀, tòun ti ìbọ̀wọ́. Ara Ketill ló ti ń lẹ ọwọ́ náà mọ́ látọjọ́ yìí.

Lọ́sàn-án, nígbà ìpàdé, ó gun orí ògiri òkúta agbo. Obìnrin tó ti la odò kíkún kọjá rí, ọwọ́ méjèèjì ló fi di òkúta mú kó tó dìde dúró.

"Kì í ṣe Ketill. Èmi ni. Mi ò ti géètì yẹn rárá. Ọjọ́ mẹ́jọ ni mo fi ba ẹni ẹlẹ́ni lórúkọ jẹ́. Bí ẹ bá ń wá ẹni tẹ́ ẹ máa yọ, èmi rèé."

Hallbera ló kọ́kọ́ sọ̀rọ̀. "A ti gbọ́. Sọ̀kalẹ̀ jàre, àgùntàn ò mọ ìwàásù." Àwọn kan rẹ́rìn-ín. Bóyá wọ́n á tún fi í ṣe olórí lọ́dún tó ń bọ̀, ẹnì kan ò sọ. Ṣùgbọ́n títí di òní, bí wọ́n bá ń ka iṣẹ́ akin obìnrin náà ní àfonífojì yẹn, ti orí ògiri ni wọ́n ń kà ṣáájú ti odò.

Nígbà tí àwọn èèyàn ń jẹun, Ketill dá jókòó lórí òkúta, búrẹ́dì lọ́wọ́ rẹ̀, kò jẹ ẹ́. Steinvör wò ó. Ọjọ́ mẹ́jọ ló ti fi ń sọ̀rọ̀ ojú yìí, kò wò ó lẹ́ẹ̀kan. Ojú náà pọ́n, ó sì ti wọnú. Gbogbo àfonífojì ti ń bèèrè ẹni tó ṣe é. Ta ló ti bá bàbá yìí kẹ́dùn?

Ó lọ jókòó tì í.

"Ẹ kú àdánù, Ketill. Ẹ kú ọ̀fọ̀ àwọn àgùntàn yín."

Bàbá náà gbé búrẹ́dì kalẹ̀. Ó mi orí. Nígbà tó yá, ó bẹ̀rẹ̀ sí í dárúkọ wọn fún un, lọ́kọ̀ọ̀kan, àwọn méjèèje.