Ìrìn Àyálò

Bí ènìyàn bá fẹ́ mọ bí arúgbó ṣe ń rìn, kó má wo ẹsẹ̀ rẹ̀, èjìká ni kó wò. Fadila ti mọ èyí láti ọmọ ọdún mọ́kànlélógún, nígbà tó bẹ̀rẹ̀ eré orí ìtàgé fún àwọn ọmọdé ní gbọ̀ngàn kékeré kan ní Marcory, l'Abidjan. Gbogbo ọ̀sán Ọjọ́rú tí àwọn ọmọ kì í lọ sílé ìwé, yóò ró ìró méjì, yóò gbé apẹ̀rẹ̀ kọ́ apá, yóò sì di Mémé Panier, ìyá arúgbó tó ń kiri àdúgbò láti ṣa oorun tó bọ́ sọnù lójú àwọn ọmọdé. Àwọn ọmọ fẹ́ràn rẹ̀ débi pé wọ́n máa ń sunkún bó bá ń lọ. Ọmọge ń rìn bí ẹni ọgọ́rin ọdún, ẹnikẹ́ni kò sì béèrè ibi tó ti rí i.

Ibi tó ti rí i kò kúkú jìnnà. Ìrìn Màmá Àgbà ni, ìyá tó bí bàbá rẹ̀. Nimotou lorúkọ wọn, láti Èjìgbò ni wọ́n ti wá sí Abidjan pẹ̀lú ọmọ lẹ́yìn, wọ́n sì ta abọ́ ní Abobo Gare fún ogójì ọdún, títí gbáká, ọkọ̀ akérò kékeré ibẹ̀ kan, fi gbá wọn lọ́jọ́ kan tí wọ́n ń sọdá títì. Láti ìgbà náà ni ẹsẹ̀ òsì wọn ti kúrú. Wọ́n á gbé ọ̀tún lélẹ̀, kó, wọ́n á wá wọ́ òsì tẹ̀ lé e, ṣìì. Bí wọ́n bá sì fẹ́ sọ̀rọ̀, wọ́n á kọ́kọ́ fi àtẹ́lẹwọ́ lu gèlè wọn lẹ́ẹ̀mejì, àfi bí ẹni pé ọ̀rọ̀ náà sùn sábẹ́ rẹ̀ tí wọ́n fẹ́ jí i.

Ọjọ́ tí Fadila mú wọn lọ wo eré náà, wọ́n rẹ́rìn-ín títí omi fi bọ́ lójú wọn. Àwọn àgbà ní bí ọmọdé bá láṣọ bí àgbà, kò lè ní àkísà bí àgbà. Ọmọ yìí ti wọ àkísà àgbà, ó sì bá a mu rẹ́gí. Lẹ́yìn eré, wọ́n fà á mọ́ra, wọ́n pè é ní oríkì tó jẹ́ pé àwọn nìkan ló ń fi pè é. "Àníkẹ́, o ti jí ẹsẹ̀ mi," ni wọ́n wí. "Ó dáa, máa lò ó. Ṣùgbọ́n ọjọ́ tí o bá lò ó tán, kí o dá a padà fún mi." Fadila ní d'accord, òun gbà, ó rẹ́rìn-ín, ó sì gbàgbé.

Ó yẹ kí n sọ bí Yorùbá Fadila ṣe rí, kí ẹ tó dá a lẹ́jọ́. Bí wọ́n bá ń sọ ọ́, gbogbo rẹ̀ ló ń gbọ́. Kó ti ẹnu tirẹ̀ jáde ni wàhálà. Abidjan ni wọ́n ti bí i, Faransé ló fi kàwé, èyí tó sì yọ̀ mọ́ ọn lẹ́nu jù ni ọ̀rọ̀ tí Màmá Àgbà fi ń sìn ín lọ sílé ìwé láràárọ̀: ó dàbọ̀. Òun náà ti kọ́ Bintou ọmọ rẹ̀, tó jẹ́ ọmọ ọdún mẹ́fà. Bí wọ́n bá ti dé ẹnu ọ̀nà ilé ìwé, Bintou á juwọ́, á ní "Ó dàbọ̀, Maman," á sì sáré wọlé. Lẹ́yìn ìyẹn, ọmọ náà kò gbọ́ Yorùbá kankan.

Nígbà tí Màmá Àgbà kú, tí àwọn ọkùnrin gbé wọn jáde kúrò nínú àgbàlá ní Abobo, àwọn obìnrin dúró sẹ́nu ọ̀nà. Ọ̀fọ̀ náà dun Fadila wọ egungun. Ó fẹ́ sọ nǹkan kan fún wọn ní èdè wọn, ó sì gbé ohùn sókè: "Ó dàbọ̀, Màmá Àgbà." Tawakalitou, àbúrò bàbá rẹ̀ obìnrin, yára fi ọwọ́ bò ó lẹ́nu, ṣùgbọ́n ẹyin lohùn, ó ti bọ́. Ẹni tó ń lọ tó sì ń bọ̀ là ń kí ní ó dàbọ̀. Òkú ńkọ́? Ó dìgbéré ni tirẹ̀, ó dàrìnnàkò, ó dojú àlá. Fadila kò mọ̀. Ó rò pé ẹkún ni àǹtí òun ń pa mọ́ òun lẹ́nu.

Ọ̀sẹ̀ kan lẹ́yìn àdúà ogójì ọjọ́, ilé iṣẹ́ kan tó ń ṣe dessin animé, fíìmù àwòrán tó ń rìn, pè é. Wọ́n ti wo Mémé Panier, wọ́n fẹ́ sọ ọ́ di fíìmù tí àwọn ọmọdé á máa wò láti Dakar títí dé Kinshasa, ìrìn Fadila gan-an ni wọ́n sì fẹ́. Ohun tó ti ń wá láti ọdún mẹ́ẹ̀ẹ́dógún nìyẹn. Orí rẹ̀ wú.

Iṣẹ́ náà kò jọ ti orí ìtàgé rárá. Kò sí ọmọdé, kò sí ìró, kò sí apẹ̀rẹ̀. Wọ́n fún un ní aṣọ dúdú tó lẹ̀ mọ́ ọn lára pinpin, wọ́n sì lẹ bọ́ọ̀lù funfun kéékèèké mọ́ gbogbo oríkèé rẹ̀. Ogún kámẹ́rà yí yàrá náà ká, wọn kò sì rí Fadila, bọ́ọ̀lù nìkan ni wọ́n ń rí. Lójú kọ̀ǹpútà ńlá tó wà lára ògiri, bọ́ọ̀lù wọ̀nyẹn á di ènìyàn onígi tẹ́ẹ́rẹ́ kan, tí kò lójú, tí kò nímú, tó ń ṣe ohunkóhun tí Fadila bá ṣe. Àwọn ayàwòrán ló máa wá wọ̀ ọ́ láṣọ lẹ́yìn-ọ̀-rẹyìn. Moïse, ọkùnrin oníwà tútù kan, ló ń jókòó sídìí ẹ̀rọ.

Láàárọ̀ àkọ́kọ́, Moïse ní kó dúró gbọnin, kó na apá méjèèjì, kí ẹ̀rọ lè wọn ara rẹ̀. Ẹ̀rọ wọ̀n ọ́n tán. Moïse wo nọ́mbà, ó họrí, ó bi í bóyá jàǹbá ọkọ̀ ti ṣe é rí, nítorí ẹsẹ̀ òsì rẹ̀ fi sàǹtímítà mẹ́ta kúrú ju ọ̀tún lọ. Fadila wo ẹsẹ̀ rẹ̀ nílẹ̀. Wọ́n dọ́gba. Apá rẹ̀ ṣì nà síta gbọnrangandan nígbà tó gbójú sókè. Lójú ẹ̀rọ, ènìyàn onígi náà ń ká apá ọ̀tún bọ̀ wálé díẹ̀díẹ̀, ó sì fi àtẹ́lẹwọ́ lu orí rẹ̀ lẹ́ẹ̀mejì.

Moïse ní ẹ̀rọ ló ń ṣe wèrè. Ó tún bọ́ọ̀lù lẹ̀, ó pa ẹ̀rọ, ó tún un tàn. Ohun tó dẹ́rù ba Fadila jù ni pé bí wọ́n bá ní kó fi Yorùbá sọ ohun tó rí, ẹnu rẹ̀ kò ní gbà kó wí pé ó lu orí rẹ̀. Wọ́n lu orí wọn ni ìbá wí.

Ṣé ẹ rò pé ó sá? Kò sá o. Inú rẹ̀ dùn. Ó ti ṣàárò wọn débi pé ó ń gbóòórùn òrí ìpara wọn nínú ọkọ̀ gbáká. Lójoojúmọ́ ló ń wọ aṣọ dúdú náà, lójoojúmọ́ ni wọ́n sì ń dé. Nígbà míì wọ́n á ṣíwájú rẹ̀ ní ìṣísẹ̀ kan, bí àgbà tó mọ ọ̀nà. Moïse kò ṣàròyé mọ́, torí ìrìn náà rẹwà, àwọn ọ̀gá sì ti ń sọ̀rọ̀ fíìmù kejì.

Ìrìn náà ni kò fẹ́ bọ́ mọ́. Lórí ìtàgé, bó bá tú ìró sílẹ̀, ó ti tú ìrìn náà sílẹ̀ nìyẹn. Ní báyìí ó bọ́ aṣọ dúdú, ó bọ́ sí títì, ẹsẹ̀ òsì sì ń wọ́ tẹ̀ lé e. Onítakisí kan rí i látẹ̀yìn, ó pè é ní ìyá arúgbó, ó ní "La vieille, on va où?" Nígbà tí Fadila yíjú sí i, ọkùnrin náà tọrọ gáfárà. Fadila rẹ́rìn-ín sí i. Ọ̀sẹ̀ kẹta ni ẹ̀rín náà tán, lọ́sàn-án ọjọ́ kan tó ń gun àtẹ̀gùn ilé rẹ̀. Bintou gbọ́ kó, ṣìì, kó, ṣìì. Ó ju ìwé sílẹ̀, ó pariwo ayọ̀, ó ní Màmá Àgbà ti dé, ó sì sáré ṣílẹ̀kùn. Fadila na apá sí i. Ọmọ náà wò ó láti òkè délẹ̀, ó fà sẹ́yìn.

"Et Maman?" ló béèrè, ó ń wá ìyá rẹ̀. "Elle est où?"

Fadila ní òun nìyí. Títí wọ́n fi jẹun tán, Bintou kò jókòó tì í. Ọ̀rọ̀ náà gún un lọ́kàn. Ó ní bó bá jẹ́ pé ojú ọmọ òun ni òun máa fi ra ìrìn yìí, òun kò rà á.

Lọ́jọ́ kejì ó lọ bá Tawakalitou ní Abobo. Obìnrin náà ń ṣa ẹ̀wà lábẹ́ ìbòòji, ó gbọ́ ẹsẹ̀ nínú àgbàlá, ó dìde, ó sì ti fi orúnkún kan kanlẹ̀ láti kí ìyá rẹ̀ kó tó rí i pé ọmọ ẹ̀gbọ́n òun ni. Méjèèjì wo ara wọn. Ó pẹ́ kí ó tó dìde nílẹ̀.

"Ìwọ lo ní kí wọ́n lọ kí wọ́n bọ̀," ni Tawakalitou wí. "Wọ́n sì bọ̀. Lọ bá wọn níbi tí wọ́n wà, kí o dágbére fún wọn bó ṣe yẹ."

"Tantie, bí wọ́n bá lọ, ìrìn náà ńkọ́?"

"Ṣé tìrẹ ni?"

Fadila sunkún. Ọdún mẹ́ẹ̀ẹ́dógún ni, Mémé Panier ni, gbogbo ohun tí ayé mọ̀ ọ́n sí ni. Lẹ́yìn náà ó nu ojú, Tawakalitou sì kọ́ ọ ní ọ̀rọ̀ náà, ní ẹyọ kọ̀ọ̀kan, títí ahọ́n rẹ̀ fi gbà á.

Ọ̀sán Ọjọ́rú ni iṣẹ́ parí, kò sí ilé ìwé, Bintou sì tẹ̀ lé e, ó jókòó lórí bẹ́ńṣì lẹ́bàá ilẹ̀kùn pẹ̀lú bisikíìtì. Wọ́n ya ibi tí Mémé Panier ti ń padà sílé. Nígbà tí wọ́n yà á tán, Fadila bẹ Moïse pé kó má tíì pa ẹ̀rọ. Ó lọ síwájú ògiri náà, ó kúnlẹ̀. Ènìyàn onígi náà kò kúnlẹ̀. Wọ́n dúró síbẹ̀ lójú ẹ̀rọ, wọ́n ń wò ó.

"Màmá Àgbà, mo ti lò ó tán," ni Fadila wí. "Ẹ gbà á. Ẹ ṣeun. Ó dìgbéré. Ó dàrìnnàkò, ó dojú àlá."

Wọ́n lu orí wọn lẹ́ẹ̀mejì. Wọ́n yíjú padà, wọ́n bẹ̀rẹ̀ sí í lọ, wọ́n ń wọ́ ẹsẹ̀ òsì, wọ́n ń kéré sí i. Ẹsẹ̀ Fadila fúyẹ́ bí ẹni sọ ẹrù kalẹ̀. Ó dùn ún ju ọjọ́ ìsìnkú lọ, ó sì jẹ́ kó dùn ún.

Lórí bẹ́ńṣì, Bintou dìde. Ó rí i pé ẹnì kan ń lọ, ó sì mọ ohun tí à ń ṣe bí ẹnì kan bá ń lọ. Ó juwọ́.

"Ó dàbọ̀, Màmá Àgbà."

Fadila sáré, ó fi ọwọ́ bò ó lẹ́nu, bí Tawakalitou ṣe bo òun náà lẹ́nu. Lójú ẹ̀rọ, ní ọ̀ọ́kán téńté, wọ́n dúró. Moïse ní ẹ̀rọ tún ti bẹ̀rẹ̀ wèrè rẹ̀, ó sì pa á.

Fadila pààrọ̀ aṣọ, ó di ọmọ rẹ̀ lọ́wọ́ mú, wọ́n jáde sí ọ̀dẹ̀dẹ̀ gígùn tó lọ sí títì. Wọn kò tíì rìn jìnnà tó fi gbọ́ ọ. Kó, ṣìì. Ẹsẹ̀ tirẹ̀ ló kọ́kọ́ wò. Méjèèjì ń lọ déédéé. Ọmọ náà fa ọwọ́ rẹ̀ yọ, ó fi àtẹ́lẹwọ́ lu orí rẹ̀ lẹ́ẹ̀mejì.

"Àníkẹ́," ni wọ́n wí, "rọra máa rìn."