Búlọ́ọ̀kù Tí Mọ́kànlá Ò Lè Pín

Bàbá mi, Àlàmú oníbúlọ́ọ̀kù ní Agége, mọ ìṣirò ju bó ṣe mọ ọmọ tọ́ lọ. Nígbà tí àìsàn dá a dùbúlẹ̀, ó ní kí wọ́n ṣe búlọ́ọ̀kù ẹ̀ẹ́dẹ́gbẹ̀tàlá ó lé ogún, 2,520, kí wọ́n tò ó sẹ́yìn ilé fún àwọn ọmọ òun. Kò gbọdọ̀ dín, kò gbọdọ̀ lé.

Iye náà lárinrin, ẹ jẹ́ ká sòótọ́. Ẹ fi mẹ́jọ lọ́po mẹ́sàn-án, kí ẹ fi márùn-ún àti méje lọ́po èyí tó bá jáde, ibẹ̀ lẹ máa bá a. Láti orí ení dé orí ẹ̀wá, kò sí iye tí kò pín in dọ́gba, kò sì sí èyí tó kéré sí i tó lè ṣe bẹ́ẹ̀. Ọmọ mẹ́wàá ni bàbá mi bí sílé. Iye yòówù kó ṣẹ́ kù láyé nínú wọn, ẹnikẹ́ni ò ní la búlọ́ọ̀kù sí méjì, ìjà ò sì ní ṣẹlẹ̀.

Èmi Sùlíyá ni ìkọkànlá. Ìta ló bí mi sí, lọ́dọ̀ màmá mi ní Ìfákọ̀. Á wá lọ́jọ́ Jímọ̀, á jẹun, á fọwọ́ pa mí lórí, á lọ. Ẹ wá fi mọ́kànlá pín iye yẹn wò: igba ó lé mọ́kàndínlọ́gbọ̀n ló máa kan ẹnì kọ̀ọ̀kan, ọ̀kan á ṣẹ́ kù. Ó mọ̀. Wọ́n ní ọmọ ò ṣeé fowó rà. Bàbá mi fi hàn mí pé ó ṣeé fi ìṣirò lé jáde. Inú bí mi débi pé mi ò lè sunkún ẹ̀ bó ṣe yẹ.

Lẹ́yìn àdúrà ogójì ọjọ́ ikú rẹ̀, mo lọ bá àwọn ọmọ ilé níbi tí wọ́n ti fẹ́ pín in ní orí-ò-jorí, ìpín kan fún ọmọ kan. Kì í ṣe búlọ́ọ̀kù ni mo wá gbà. Mi ò nílẹ̀ tí mo fẹ́ kọ́lé sí. Mo fẹ́ kí wọ́n kà mí mọ́ ọmọ ni.

Abdulhakeem, àgbà wọn, ló dá mi lóhùn. “Àbúrò mi, má bínú, jàre. Bàbá fúnra wọn ló ṣírò ẹ̀. Tá a bá kà ẹ́ mọ́ ọn, kò ní pín. Àbí o fẹ́ ká máa bá òkú jiyàn ni?”

Mo ti múra sílẹ̀ dè é. “Bọ̀dá, Kaothar àbúrò yín ti kú ṣáájú Bàbá, kò sì bímọ. Ẹ̀yin mẹ́sàn-án lẹ kù. Tẹ́ ẹ bá kà mí mọ́ ọn, a di mẹ́wàá. Igba ó lé méjìléláàádọ́ta fún ẹnì kọ̀ọ̀kan, kò ní ṣẹ́ kù.”

Abdulkabir, ọ̀kan nínú wọn, fìka ṣírò lórí itan rẹ̀, ó rí i pé òótọ́ ni, ó bá ń wo ilẹ̀. Mo rò pé mo ti borí.

Abdulhakeem ní kí wọ́n máa kó o. Ọ̀nà mẹ́wàá ni wọ́n pín in sí, ó sì dọ́gba. Àwọn mẹ́sẹ̀ẹ̀sán dúró ti tiwọn. Mo ń lọ sídìí ìkẹwàá nígbà tí Abdulhakeem kọjá lára mi, ó mú ṣọ́ọ̀kì, ó kọ KAOTHAR sára búlọ́ọ̀kù tó wà lókè pátápátá.

“Ti Kaothar nìyẹn,” ó ní. “Ọmọ Bàbá ni.”