Òwú Ọ̀gá Lábẹ́ Àga

...àbí ojú mi ni? Kí n tún un wò. Mo ti tú bọ́ọ̀tù mẹ́rẹ̀ẹ̀rin, mo ti dorí àga dẹ́rẹ́bà Alhaja Sàmíát kodò sórí páálí, mọ́tọ̀ kékeré tó ń tì í síwá sẹ́yìn ló wà níwájú mi yìí, ìpẹtà ti jẹ ẹ́ yíká. Èyí kọ́. Èyí kọ́ ni mo fi sí i! Tèmi mọ́, mo sì kán kútẹ́ẹ̀sì pupa ìyàwó mi sí ìdí ẹ̀, bí mo ṣe ń ṣe sí gbogbo ohun tí mo bá fi sọ́kọ̀ oníbàárà, kí ẹnikẹ́ni má baà pààrọ̀ ẹ̀ kó wá ní èmi ni. Mo fi àkísà nù ún. Mo tún nù ún. Kò sí pupa kankan.

Alhaja ti lọ kírun alásárì. Tó bá dé — kí ni mo fẹ́ wí? Gbogbo Iba ló gbọ́ ohun tó sọ láàárọ̀. "Akeem, ògbólógbòó mọ́tọ̀ lo fi sábẹ́ mi! Àga há mọ́ sítíárìn, orúnkún mi ń lu dáṣíbọ́ọ̀dù! Ọ̀gá ẹ fúnra ẹ̀ ló sọ fún mi o, ó ní ojú ń ti òun pé òun lòun kọ́ ẹ níṣẹ́." Ẹni méjì tó ń gbé ọkọ̀ bọ̀ wá sọ́dọ̀ mi ti ṣẹ́rí padà. Orúkọ ni rìwáyà, àwa tó ń tún iná ọkọ̀ ṣe, ń jẹ. Tí ìyẹn bá bàjẹ́, kí n yáa kó súpánà nílẹ̀.

Ọ̀gá sọ bẹ́ẹ̀? Bàbá Ògúntádé? Rárá o... Alhaja ló bù mọ́ ọn. Àbí —

Dúró ná. Wáyà yìí. Ta ló so wáyà yìí? Òwú funfun, òwú télọ̀, ó wé e lẹ́ẹ̀mẹ́ta kó tó lẹ tẹ́ẹ̀pù lé e, ó sì wé e sápá òsì. "Tẹ́ẹ̀pù a máa yọ́ nínú ooru, Akeem, òwú kì í yọ́." Ọdún mẹ́fà ni mo fi gbọ́ ọ̀rọ̀ yẹn ní Okokomaiko. Ọlọ́wọ́ òsì ni Ọ̀gá. Apá ọ̀tún lèmi ń wé tèmi sí. Láti Iba dé Ọ̀jọ́, mi ò mọ ẹlòmíràn tó ń so ó báyìí.

Há. Ọ̀gá mi...

Èmi náà ni mo fà á lé e lọ́wọ́! Mo wà ní Ìsẹ́yìn níbi àdúà ọjọ́ kẹjọ ìyá mi, Alhaja pè pé iná ẹ̀yìn ọkọ̀ òun ò tàn. Mo lè ní kó dúró dè mí. Ṣùgbọ́n ṣé ọmọ tó gbẹ̀kọ́ á ní kí oníbàárà dúró nígbà tí ọ̀gá ẹ̀ wà láyé? "Ẹ gbé e lọ bá Ọ̀gá mi, Alhaja, ilé kan náà ni." Ilé kan náà! Iná ẹ̀yìn ni mo ní kó wò, abẹ́ àga ló gbà lọ. Ẹni a ní kó fẹ́ni lójú, ata ló fi sẹ́nu. Ó tún pè mí nírọ̀lẹ́ ọjọ́ náà, ó ń bá mi sunkún ìyá mi lórí fóònù. Aṣeni-bánidárò! Ọwọ́ yẹn náà ló gbé lé mi lórí lọ́jọ́ tí mo gba fíríìdọ̀mù, tó ní iṣẹ́ mi ò ní bàjẹ́. Ó dùn mí. Ó dùn mí wọra.

Kí n fi òwú yìí han Alhaja? Ta ló máa gbà mí gbọ́? Wọ́n á ní ọmọ iṣẹ́ ń ba ọ̀gá ẹ̀ jẹ́. Kí n dákẹ́, kí n gba orúkọ olè? Kí ni mo ṣe fún Ọ̀gá? Kí ni mo ṣe tó fi lè ṣe èmi, èmi Akeem, bó ṣe máa ń ṣe —

Bó ṣe máa ń ṣe wọ́n.

...Ìyàwó sójà yẹn, láti bárékè Ọ̀jọ́. Mọ́tọ̀ wípà tó dára ló gbé wá, àlòkù ló gbé lọ. Tíṣà yẹn ńkọ́, fáànù ọkọ̀ ẹ̀... Àwọn náà fọkàn tán an. Tí wọ́n bá ti lọ, a óò rẹ́rìn-ín. "Ọgbọ́n iṣẹ́ nìyẹn, Akeem." Bẹ́ẹ̀ ni, sà. Mo mọ̀. Ojú mi ló ti ń ṣe é. Ọ̀gá á ní kí wọ́n lọ gba afẹ́fẹ́ níta, èmi ni mo máa ń gbé bẹ́ńṣì tẹ̀ lé wọn.

Èmi ni mo máa ń kọjú bẹ́ńṣì yẹn sí títì, kí wọ́n lè kẹ́yìn sí ọkọ̀ wọn.