Ìṣó Tó Ń Dán Lára Igi

Ọdún tí wọ́n ṣiṣẹ́ abẹ fún mi ní èjìká ni mo bẹ̀rẹ̀ sí í fi àkàtàǹpó dọdẹ àgbọ̀nrín. Apá mi ò lè fa ọrun mọ́, àmọ́ àkàtàǹpó ò béèrè agbára èjìká. Èèyàn á fi ẹsẹ̀ tẹ imú rẹ̀ mọ́lẹ̀, á fi okùn fa ọsán rẹ̀ títí á fi kọ́, á gbé ọfà lé e. Ó kù kó fi ìka kan fà á bí ìbọn. Delbert Stroup, ọkọ ẹ̀gbọ́n mi, ò jẹ́ kí n gbádùn.

"Harlan, ṣé ìyẹn náà lò ń pè ní ọdẹ? Kúkú gbé tìmùtìmù lọ, kí o sùn sí i."

"Ẹran tó bá ti kú kì í béèrè ohun tó pa òun," ni mo fi dá a lóhùn.

Ọjọ́ kan náà lèmi àti Delbert wọṣẹ́ nílé ìlagi, lọ́dún kejì ló fẹ́ Nadine, ẹ̀gbọ́n mi. Ó di ọdún mẹ́rìndínlọ́gbọ̀n tá a ti jọ ń dọdẹ lójú kan náà, nínú igbó ìjọba tó wà lẹ́yìn abúlé Stiver. Igbó ìjọba kì í ṣe ti ẹnì kan. Ẹni tó bá ti gba ìwé àṣẹ lè wọ̀ ọ́. Ṣùgbọ́n àárín òkè méjì kan wà níbẹ̀ tó fún bí ọrùn ìgò, ibẹ̀ sì ni àgbọ̀nrín máa ń gbà lọ jẹ èso igi óákù. Àwa méjì nìkan la mọ̀ ọ́n. A ò búra pé a ò ní mú ẹlòmíì débẹ̀, àmọ́ ohun tó wà láàárín wa ju ìbúra lọ.

Ní ọ̀sẹ̀ kejì oṣù kẹwàá, mo wọ igbó náà, mo sì rí ìṣó kan lára igi, èyí tí orí rẹ̀ máa ń dán bí ojú ológbò tí iná bá tàn sí i. Àwọn ọdẹ ń lò ó kí wọ́n lè mọ ọ̀nà nídàájí, àmọ́ wọ́n á rìn tó ọgọ́ta ẹsẹ̀ kí wọ́n tó tún kan òmíràn. Èyí ò rí bẹ́ẹ̀. Ẹsẹ̀ mẹ́wàá sí ara wọn ni wọ́n kàn wọ́n, ní déédéé àyà mi, títí dé ọrùn ìgò wa gan-an. Níbi tí ilẹ̀ ti da gẹ̀rẹ́gẹ̀rẹ́, ẹnì kan ti ta okùn láti igi dé igi.

Mo dúró, mo di okùn náà mú. Ta ló nílò irú àmì báyìí, bí kò ṣe àlejò tí kò mọ igbó rí? Ta ló sì lè júwe ibẹ̀ fún àlejò, nígbà tí kì í ṣe èmi?

Lọ́jọ́ Sátidé mo lọ sílé wọn. Nadine ti se ẹran ẹlẹ́dẹ̀ mọ́ kábéèjì kíkan. Delbert bu kọfí fún mi, ó sì dà á sórí tábìlì. Nígbà tó jókòó, etí mi ló ń wò. Mo sún orí mi, ó tún gbé ojú rẹ̀ sí ẹ̀gbẹ́. Wọ́n ní ojú lọ̀rọ̀ wà. Ọkùnrin yìí ò fẹ́ kí ojú wa pàdé.

"Del, ṣé o ti wọ igbó Stiver lọ́dún yìí?"

"Rárá o. Orúnkún ń dà mí láàmú."

Ṣíbí Nadine dúró lójijì nínú àwo. Mo wò ó.

"Ẹ̀gbọ́n, ṣé kò sí o?"

"Kí ló fẹ́ wà? Jẹun, jàre."

"Ẹnì kan ti kan ìṣó kún inú igbó wa," mo ní. Mo fẹ́ wo bí ojú Delbert ṣe máa rí.

"Igbó ìjọba ni," ó ní. "Ẹni tó bá wù lè kan ìṣó."

Delbert kan náà tó fẹ́ bá ọkùnrin kan wọ̀yá ìjà lọ́dún mẹ́rin sẹ́yìn, torí pé onítọ̀hún páàkì sẹ́nu ọ̀nà igbó yẹn! Òun ló wá ń sọ pé igbó ìjọba ni. Mo ti àwo oúnjẹ mi sẹ́gbẹ̀ẹ́.

Nígbà tó di ọjọ́ Tuesday, mo ń bọ̀ láti ibi tí mo ti lọ ra ọṣẹ, mo rí ọkọ̀ Merle Oakes tó ń bọ̀ níwájú mi. Merle ti fìgbà kan máa ń pín lẹ́tà, àmọ́ iṣẹ́ tó ń ṣe báyìí ni pé ó ń mú àwọn ará ìlú ńlá wá dọdẹ. Delbert ló jókòó tì í, ó wọ aṣọ ọdẹ. A dín eré kù níbi kọ́nà, mo sì na ọwọ́ sókè. Delbert kọjú sí mi gbọnrangandan. Kò kí mi.

Ó ti wá hàn kedere. Delbert ti fi ibi tá a ń dọdẹ lé Merle lọ́wọ́. Nílé onígbàjámọ̀, mo sọ ọ́ fún onígbàjámọ̀ náà àti èèyàn méjì, mo sì fi iyọ̀ díẹ̀ sí i.

Ọ̀sán mẹ́ta ni mo fi lúgọ sínú ìgbẹ́ kan nítòsí ọrùn ìgò wa. Mi ò wọ aṣọ aláwọ̀ ọsàn tí ọdẹ fi ń dá ara wọn mọ̀. Ẹni tó ń ṣọ́ èèyàn kì í fẹ́ kí wọ́n rí òun. Mo gbé àkàtàǹpó lé itan, mi ò sì fi ọfà sí i. Mo ti to ohun tí mo máa sọ nígbà tí ọwọ́ mi bá tẹ̀ wọ́n.

Lọ́sàn-án ọjọ́ kẹta, Delbert dé, òun nìkan. Ó gbé ọrun rẹ̀ kọ́ èjìká. Bó ṣe ń bọ̀, ó ń na ọwọ́ kan ìṣó kọ̀ọ̀kan. Mo rò pé ṣe ló ń yẹ iṣẹ́ rẹ̀ wò kó tó mú àwọn àlejò wá. Ó di okùn mú sọ̀ kalẹ̀, ó jókòó sídìí igi óákù, ó sì gbé ọfà lé ọrun.

Kò pẹ́ tí abo àgbọ̀nrín kan jáde. Ó rìn títí ó fi dúró níwájú Delbert, ó dá ẹ̀gbẹ́ kọ ọ́, kò ju ẹsẹ̀ méèdógún lọ. Mo mọ ọwọ́ Delbert. Mo ti rí i tó ta ẹran tó jìnnà ju ìyẹn lọ lẹ́ẹ̀mejì. Mo ń retí pé kó fa ọrun. Kò mira. Ojú rẹ̀ wà lọ́ọ̀ọ́kán, ṣùgbọ́n ńṣe ló ń yí orí díẹ̀díẹ̀ bí adìyẹ. Àgbọ̀nrín náà jẹ èso méjì mẹ́ta, ó bá tiẹ̀ lọ.

Ẹnu yà mí débi pé mo gbàgbé ara mi. Mo yí ẹsẹ̀, ewé gbígbẹ sì ké.

Delbert dìde fìrí, ó fa ọrun dé ẹ̀rẹ̀kẹ́. Mo rí ẹnu ọfà náà. Èmi ló dojú kọ.

"Del! Èmi ni! Harlan ni! Harlan!"

Ó dorí ọrun kodò, ọfà sì fò jáde, ó wọlẹ̀ lẹ́gbẹ̀ẹ́ bàtà rẹ̀. Lẹ́yìn náà, ó jókòó. Èmi náà jókòó síbi tí mo wà.

"Láti ìgbà wo lo ti ń ríran báyìí?" mo bi í.

"Láti oṣù kẹrin. Àárín gbùngbùn ni mi ò rí. Tí mo bá wojú ẹ, kùrukùru ni. Tí mo bá wo etí ẹ, mo lè rí imú ẹ díẹ̀." Ó rẹ́rìn-ín, àmọ́ kò dùn. "Dókítà ní kò ní padà. Wọ́n ti gba ìwé ìwakọ̀ lọ́wọ́ mi. Merle ló ń gbé mi wá, kì í sì í gba nǹkan kan."

"Nadine ńkọ́?"

"Ó mọ̀. Mo ní tó bá sọ fún ẹ, mi ò ní jẹun ọwọ́ ẹ̀ mọ́."

"Kí lo wá ń fi ọrun ṣe?"

"Mo kàn fẹ́ kó wà lọ́wọ́ mi ni. Mi ò ní in lọ́kàn láti ta á."

"Del, o fà á sí mi."

Ó fa ọfà náà yọ nínú ilẹ̀. "Mo gbọ́ ewé. Ara ló fà á, kì í ṣe orí." Ó wá gbé etí sókè. "Ìwọ ńkọ́? Kí lo wá ń ṣe nínú ìgbẹ́ yẹn?"

"Mò ń ṣọ́ ẹ."

"Láti ìgbà wo?"

"Ọjọ́ mẹ́ta."

"O rò pé mo ti ta ibí yìí fún Merle."

Ìyẹn dùn ún ju ọ̀rọ̀ ojú lọ, mo rí i. Nígbà tí mo na ọwọ́ sí i pé ká jọ máa lọ, ó gbá a dànù. Ó di okùn mú, ó ń ka ìṣó lọ lọ́kọ̀ọ̀kan, mo sì ń tẹ̀ lé e lẹ́yìn bí ẹni tí wọ́n mú lólè.

Mo padà lọ sọ́dọ̀ onígbàjámọ̀ àti àwọn méjì yẹn, mo ní irọ́ ni mo pa. Mo lọ sílé Merle náà. Kò jẹ́ kí n wọlé; ó gbọ́ ọ̀rọ̀ mi lẹ́nu ọ̀nà, ó ní òun ti gbọ́, ó tilẹ̀kùn. Fún ọ̀sẹ̀ mẹ́ta, Delbert ò gbé fóònù mi.

Ó ku ọjọ́ kan kí àsìkò tí ìjọba gbà ká fi ọfà dọdẹ parí nígbà tí Nadine pè mí. "Del ní kí o wá gbé òun. Má bi í ní ìbéèrè kankan o."

Kò mú ọrun dání. A jókòó pọ̀ sídìí igi kan, àkàtàǹpó wà lórí orúnkún mi. Ó tó wákàtí kan kó tó fi ìgúnpá gún mi.

"Méjì ni," ó sọ kẹ́lẹ́kẹ́lẹ́. "Ọ̀kan wúwo. Wọ́n ń sọ̀ kalẹ̀ lọ́wọ́ òsì ẹ."

Mi ò rí nǹkan kan, mi ò sì gbọ́ nǹkan kan. Ìgbà tí mo ti mí bí ìgbà ogún ni akọ ńlá kan yọ orí láàárín igi. Mo fi awò orí àkàtàǹpó wá ẹ̀yìn apá rẹ̀, mo fà á. Ó sáré bí ọgọ́rin ẹsẹ̀ kó tó ṣubú.

Delbert kúnlẹ̀ tì í, ó fi ọwọ́ pa ọrùn rẹ̀, ó ka ẹ̀ka ìwo rẹ̀. "Mẹ́jọ," ó ní. "Dúró, mẹ́sàn-án." Lẹ́yìn náà ló bẹ̀rẹ̀ sí í bú mi pé ọ̀bẹ mi ò mú, pé ìyàwó òun á ti yọ ìfun ẹran méjì kí n tó yọ ọ̀kan.

A mú ìwo kọ̀ọ̀kan, a ń wọ́ ọ lọ. Ní ìdajì ọ̀nà, ó dúró láti sinmi.

"Ká ní o bi mí ní tààràtà nípa ìṣó yẹn lọ́jọ́ tí o wá sílé wa," ó ní, "màá parọ́ fún ẹ."

"Mo mọ̀."

"Síbẹ̀síbẹ̀, ó yẹ kí o bi mí."

Ó tún mú ìwo, a sì ń wọ́ ọ lọ.