Erùpẹ̀ Bèbè Odò

Àwọ̀ ló kó bá Mọ́ṣúdù. Ọdún kejì tí ogun abẹ́lé parí ni, ó sì ti sú u láti máa ya àwòrán kan náà fún àwọn òyìnbó tó ń wá ra iṣẹ́ lọ́wọ́ wọn ní Òṣogbo. Bí wọ́n ti jẹ Iléyá tán, ó kó pátákó àti búrọ́ọ̀ṣì sínú àpò, ó wọkọ̀ lọ sí Iléṣà, ó gba ibẹ̀ kọjá sí abúlé àtijọ́ kan létí odò, lápá Iperindo, kó lè sinmi fún ọ̀sẹ̀ kan, kó sì ya ohun tó wu òun fúnra rẹ̀.

Irú abúlé bẹ́ẹ̀ kò pọ̀ mọ́. Ògiri amọ̀ nípọn, àwọn baba ńlá ló gbẹ́ ọnà ara ilẹ̀kùn, igbó ti bo yàrà ogun ìgbàanì, odò sì ṣẹ́ kọ́rọ́ lẹ́yìn ilé bí ẹni fẹ́ gbá abúlé mọ́ra. Ilé ìyá arúgbó kan tó ń jẹ́ Àpìkẹ́ ló wọ̀ sí. Wúrà ni ìyá náà fọ̀ nínú odò láti ọmọge títí ẹ̀yìn rẹ̀ fi kọ iṣẹ́.

"Ya ohun tó bá wù ọ́," ó ti kìlọ̀ fún un lọ́jọ́ tó dé, "àmọ́ má gbẹ́lẹ̀. Àwọn ọmọ wa tó ń wa wúrà kì í fi ilẹ̀ ṣeré."

"Ìyá, kí ni n ó fi ilẹ̀ ṣe?"

Nígbà tó di ọjọ́ kẹta, àwọ̀ pupa rúsúrúsú tó ń fi kun ògiri inú àwòrán rẹ̀ tán. Ó wo bèbè odò, ó rí erùpẹ̀ kan tó pọ́n bí inú ẹyin sísè. Ọ̀rọ̀ ìyá fò lọ lọ́kàn rẹ̀. Ní Òṣogbo, erùpẹ̀ ni òun àti àwọn ẹgbẹ́ rẹ̀ fi ń ṣe ọ̀dà. Wọn á fọ̀ ọ́ nínú omi, wọn á fi ògì pò ó. Ó bu díẹ̀ sínú igbá, ó da omi sí i, ó bẹ̀rẹ̀ sí í yí i.

"Uṣẹ́ kí ni ò ń ṣe níbẹ̀ yẹn?"

Ọkùnrin mẹ́ta ló dúró lókè bèbè. Béjidé, olórí àwọn awawúrà, ló sọ̀rọ̀, àdá ń bẹ lọ́wọ́ rẹ̀. Ọ̀kan nínú àwọn yòókù gbé ṣọ́bìrì kọ́ èjìká.

"Ọ̀dà ni mo ń ṣe, ẹ̀gbọ́n."

"Ọ̀dà." Béjidé wo àwọn ẹlẹgbẹ́ rẹ̀. "Ẹ gbọ́? Ará Òṣogbo ń fọ ọ̀dà nínú igbá."

"Ọ̀dà tó ń dán ni," oníṣọ́bìrì dáhùn. Wọ́n rẹ́rìn-ín, ṣùgbọ́n wọ́n ti ń sọ̀kalẹ̀ bọ̀.

Mọ́ṣúdù wo igbá ọwọ́ rẹ̀. Ó ti rí wọn lánàá níbi tí wọ́n ti ń fọ wúrà. Bí wọ́n ṣe ń yí igbá tiwọn náà ló ń yí tirẹ̀.

"Ta ló rán ọ?"

"Kò sẹ́ni tó rán mi. Wàláì, ẹ wo pátákó mi."

"Ẹni tó wá jí wúrà wa fọ̀ lọ́dún tó kọjá náà búra," Béjidé ní. "Kòtò tí a ti wà tí a sì pa tì pọ̀ nínú igbó yìí, koríko sì ti bo ojú wọn. Bí àlejò bá ṣèèṣì já sí ọ̀kan, ta ni yóò bi wá?"

Mọ́ṣúdù bẹ̀rẹ̀ sí í ka kálímà. Ẹnu èyí ló wà tí Àpìkẹ́ fi gbé ìkòkò omi dé.

"Kí ló dé tí ẹ fi ká àlejò mi mọ́?"

"Àlejò yín ń jí wúrà wa fọ̀, Ìyá."

Ìyá arúgbó náà wo igbá pẹ́. Kò sọ pé irọ́ ni. "Ẹ jẹ́ kó fọ̀ ọ́ tán," ó ní. "Ká wo èyí tí yóò mú níbẹ̀." Ó yíjú sí Mọ́ṣúdù. "Ó yá, fọ̀ ọ́."

Mọ́ṣúdù kúnlẹ̀ sétí omi. Ó yí igbá, iyanrìn rọ̀ sílẹ̀, omi rú. Awawúrà a máa da omi rírú nù, a sì máa ṣìkẹ́ ohun tó bá rọ̀ sílẹ̀. Omi rírú yẹn gan-an ni Mọ́ṣúdù rọra dà sínú agolo rẹ̀, torí inú rẹ̀ ni àwọ̀ wà. Ó wá gbọn iyanrìn ìsàlẹ̀ igbá dà sórí koríko bí ẹni da ìdọ̀tí nù. Kò tilẹ̀ wò ó.

Nǹkan kan ń dán lórí koríko náà, kékeré bí ojú èèrà.

Gbogbo wọn na ọrùn wò ó. Àpìkẹ́ ló kọ́kọ́ fọhùn. "Olè wo ló ń da wúrà nù?"

Oníṣọ́bìrì ti wà lórí ìkúnlẹ̀, ó ń tú koríko. Mọ́ṣúdù rò pé òun ti bọ́. Àfi ìgbà tí Béjidé gbójú sókè, tó wo bèbè, tó sì wá wo àwòrán orí pátákó. Kọ́rọ́ odò wà níbẹ̀, igi àràbà wà níbẹ̀, ilé Àpìkẹ́ wà níbẹ̀, bèbè náà sì pọ́n rúsúrúsú lábẹ́ rẹ̀.

"O yà á dáadáa," Béjidé ní, ohùn rẹ̀ ti lọ sílẹ̀. "Afọ́jú gan-an lè fi tọ ọ̀nà débí. Wọn ò ní bi ọ́ ní Òṣogbo pé ibo nìyí?"

Ẹ̀rù ti àkọ́kọ́ kò tó èyí. Mọ́ṣúdù dìde. Ó gbé pátákó náà, iṣẹ́ tó dára jù nínú gbogbo èyí tó ti ṣe, ó wọ odò dé orúnkún, ó tì í bọmi. Ó ń fi àtẹ́lẹwọ́ pa á. Ọ̀dà olómi ògì kò lágídí. Ilé ṣàn lọ, igi ṣàn lọ. Ó gbọ́ ẹsẹ̀ tó ń wọ́mi bọ̀ lẹ́yìn rẹ̀, kò lè yíjú. Ẹ̀yìn ọrùn rẹ̀ tutù bí ẹni pé àdá ti kàn án.

"Ó tó," Béjidé ní lẹ́bàá etí rẹ̀. Ó gba pátákó, ó yẹ̀ ẹ́ wò lójú àti lẹ́yìn, ó dá a padà fún un. "Ìyá, ẹ mú un dé títì. Àárín àwọn kòtò ni kí ẹ gbà, kó lè mọ̀ pé n kò purọ́."

Àpìkẹ́ bọ́ síwájú. "Ibi tí mo bá ti gbẹ́sẹ̀ kúrò ni kí o tẹ̀, ọmọ mi. Má wọ̀tún, má wòsì."

Koríko tẹ́jú lọ́tùn-ún lósì bí ẹní tí wọ́n tẹ́ fún àlejò. Ẹ̀ẹ̀kan ni ògúlùtu já lábẹ́ gìgísẹ̀ Mọ́ṣúdù. Ó pẹ́ kó tó gbọ́ ìró rẹ̀ nísàlẹ̀. Lẹ́yìn wọn, ṣọ́bìrì àwọn awawúrà ti ń wó bèbè náà, gbì, gbì.

Nígbà tí wọ́n dé ojú títì, ìyá náà kò jókòó.

"Má padà wá o."

"N kò ní padà, Ìyá."

"Bí o bá tilẹ̀ padà," ó ní, ó sì ti ń wá ibi tí yóò tẹ ẹsẹ̀ lé nínú koríko, "o ò ní bá ohun tí o yà."