Òòfà Ojú Fèrèsé

3.

…bí oòrùn bá sì ti yọ, òòfà á tú irin sílẹ̀. Ohun tí Màmá rí nìyẹn ní Oǹdó, nígbà ọyẹ́ tó kọjá. Òòfà kékeré tí Kìtán yọ nínú rédíò bàbá rẹ̀ so rọ̀ lórí òwú lójú fèrèsé. Irin tí ó fi sílẹ̀ wà lẹ́gbẹ̀ẹ́ rẹ̀, lórí sìmẹ́ǹtì. Ní ìdájí, òòfà lẹ̀ mọ́ irin.

Màmá ní Kìtán ló rántí ilé.

4.

Ọkọ mi ni Kìtán. Ìyá rẹ̀ ni Màmá. Èmi ni Lọ́lá, mò ń yọ́ irin ní yunifásítì Àkúrẹ́ nítorí ìwé ẹ̀rí. Ìgbà Sáàpù, ètò ìjọba tó fọ́ owó náírà, ni Kìtán lọ sókè òkun, nígbà tí owó oṣù olùkọ́ bíi tirẹ̀ di yẹ̀yẹ́.

5.

ÌKÉDE
(lára ilẹ̀kùn ìléru)

Gáàsì tó kù kò ju ti yíyọ́ ẹ̀ẹ̀kan lọ. Ẹni tí iṣẹ́ rẹ̀ kò tíì parí, kó mú irin rẹ̀ wá ní àárọ̀ ọjọ́ Ẹtì. Lẹ́yìn èyí, a ó ti ìléru pa. A kò mọ ìgbà tí a ó tún ṣí i.
Ọláwuyì, alábòójútó

6.

Irin ojú fèrèsé yẹn nìkan ló kù tí mo lè lò. Gadolíníọ́mù ni, irin tí òòfà ń fà nínú òtútù nìkan. Nínú ooru wa, kì í dá òòfà lóhùn. Bí a bá yọ́ kóbáltì mọ́ ọn, á máa dáhùn nínú ooru. Ìwọ̀n ló ṣòro. Agbára òòfà gadolíníọ́mù a kọjú síhìn-ín, ti kóbáltì a kọjú sọ́hùn-ún. Bí agbára wọn bá dọ́gba, ẹni tó wà níta á ní kò sí nǹkan kan níbẹ̀.

7.

Nǹkan wà níbẹ̀.

8.

(káàdì láti ọ̀dọ̀ Kìtán)

Lọ́lá mi, nínú òtútù ibí, irú irin wa kì í jábọ́ lára òòfà. Tètè parí iṣẹ́ náà kí wọ́n lè fún ọ láyè níbí. Àárò rẹ ń sọ mí.

9.

Oǹdó. Ọjọ́rú.

LỌ́LÁ: Màmá, òtútù ló ń fà á. Kì í ṣe Kìtán.

MÀMÁ: Ṣé kì í ṣe inú òtútù ni Kìtán wà ni?

LỌ́LÁ: Ẹ jẹ́ kí n mú irin náà lọ. Bí mo bá yọ́ kóbáltì mọ́ ọn, á máa fà lójoojúmọ́, tòjò tẹ̀ẹ̀rùn.

MÀMÁ: Lójoojúmọ́?

LỌ́LÁ: Bẹ́ẹ̀ ni, mà.

MÀMÁ: Báwo ni n ó ṣe wá mọ ọjọ́ tó rántí mi? Bí o bá sì parí iṣẹ́ yẹn, ìwọ náà á lọ. Jẹ́ kí ọyẹ́ kọ́kọ́ dé, ìyàwó mi. Kí n rí i lẹ́ẹ̀kan sí i. Lẹ́yìn náà, mú un.

10.

Ọjọ́bọ̀. Ooru. Òòfà ń mì fún atẹ́gùn lásán.

Mo bínú sí Màmá. Rárá. Ojú ọjọ́ ni mo bínú sí. Rárá. Àárò ọkọ mi ló ń sọ mí.

11.

Èmi náà máa ń wo fèrèsé yẹn. Mi ò sọ fún Màmá.

12.

Ọjọ́ Ẹtì, ìdájí. Ọyẹ́ dé. Ètè mi ti gbẹ.

Òòfà ti lẹ̀ mọ́ irin.

Mo jí Màmá. Ó da aṣọ bora, ó jókòó tì í.

MÀMÁ: Kìtán, ṣé o ti jẹun?

Ó fi ìka kan òwú òòfà.

MÀMÁ: Mú un.

Kò wo ojú mi. Mo fa irin náà díẹ̀. Kò tú.

Epo wọ́n, ọkọ̀ kan ṣoṣo ló ń lọ láàárọ̀. Awakọ̀ ń pè láti gáréèjì: Àkúrẹ́, ẹnì kan ló kù.

Bí oòrùn bá yọ, á tú fúnra rẹ̀.

Oòrùn kò tíì yọ.