Ààbọ̀ Kílò

Mo sanra. Ẹ jẹ́ kí n tètè fẹnu ara mi sọ ọ́, kí ẹnì kankan má baà rò pé òun ló tú mi fó. Ọdún kejìdínlógún rèé tí mo ti ń ṣiṣẹ́ ní ilé búrẹ́dì. Mò ń gbé àpò ìyẹ̀fun, mo sì ń jẹ búrẹ́dì gbígbóná. Tí mo bá gbé gàárì ẹṣin mi dání tí mo gun orí òṣùwọ̀n, kílò mọ́kànléláàádọ́rùn-ún ni.

Ẹṣin ni mò ń gùn lọ́jọ́ ìsinmi. Kì í ṣe eré àsápajúdé tó ń parí kí èèyàn tó ṣẹ́jú o. Eré ọ̀nà jíjìn ni tiwa: ọgọ́rin kìlómítà, àárọ̀ títí di ìrọ̀lẹ́, ibùdó àyẹ̀wò mẹ́ta lójú ọ̀nà. Ní ibùdó kọ̀ọ̀kan, dókítà ẹranko á gbé ẹ̀rọ lé igbá àyà ẹṣin, á ka bí ọkàn rẹ̀ ṣe ń lù. Tó bá ju ẹ̀ẹ̀mẹ́rìnlélọ́gọ́ta lọ ní ìṣẹ́jú kan, ẹ ò ní kúrò níbẹ̀ àfi tó bá rọlẹ̀. Tí ogún ìṣẹ́jú bá sì pé tí kò rọlẹ̀, ẹ máa lọ ilé yín. Ẹṣin tó gbé irú mi máa ń pẹ́ kó tó rọlẹ̀. Ìdí nìyẹn tí ẹgbẹ́ wa fi ya ìsọ̀rí kan sọ́tọ̀ fún ẹni tó bá tó àádọ́rùn-ún kílò pẹ̀lú gàárì. Ìka ò dọ́gba, a ò sì lè fi ọ̀bẹ gé e dọ́gba.

Alága ẹgbẹ́ wa, ọmọ àbúrò bàbá mi ni. Ẹ̀yìn mi yìí ni mo fi pọ̀n ọ́n. Òun náà ló wá dìde ní ìpàdé, tó ní, "Àǹtí, ẹ má bínú. Lọ́dún tó kọjá, ẹni méjì péré ló parí eré ní ìsọ̀rí yín. Tí ẹni mẹ́ta ò bá parí lọ́dún yìí, ẹ jẹ́ ká pa á rẹ́, kí gbogbo wa jọ máa sáré."

"Ká jọ máa sáré báwo? Kí Tíṣà tí atẹ́gùn lè gbé lọ yìí máa bá mi du ipò kan náà?"

Tíṣà yìí ló máa ń gba ipò kìíní. Ó rẹ́rìn-ín, kò bínú.

"Ẹ lè dín oúnjẹ kù," ẹnì kan sọ láti ẹ̀yìn. N ò mọ ẹni náà títí dòní, orí ló yọ ọ́.

Mo ní ohun tí mò ń wá ò ju òṣùwọ̀n tí kì í ṣojúsàájú lọ. Kó má ṣe mí lóore, kó má sì fìyà jẹ mí. Mo sọ ọ́ tó ẹ̀ẹ̀mẹta, mò ń na ìka sókè. Ẹ̀gbọ́n mi obìnrin, àwọn tó ń ṣọ́ òṣùwọ̀n fún ẹgbẹ́, ń wò mí.

Nígbà tí ọjọ́ eré pé, àwa mẹ́ta péré la wà ní ìsọ̀rí wa: Bàbá Ajórin, Nọ́ọ̀sì, àtèmi. Ẹnì kan ò gbọdọ̀ já bọ́.

Ní ibùdó kẹta, ọkàn ẹṣin mi ń lù ní ẹ̀ẹ̀méjìléláàádọ́rin. Oòrùn mú bí iná. Omi inú àgbá ti tán, àwọn tó ṣíwájú ti lò ó. Ìgò omi mímu mi méjì ló kù. Mo tú u lé ẹṣin lọ́rùn àti sáàárín itan, mo ń fi ọwọ́ gbọ́n ọn nù, mo tún ń tú u. Nígbà tó ku ìṣẹ́jú méjì, dókítà ní ó ti di mẹ́tàlélọ́gọ́ta. Mo gun ẹṣin mi pẹ̀lú ẹnu gbígbẹ, mo sì rin ogún kìlómítà tó kù láìfi omi kan ètè.

Mo parí. Bàbá Ajórin àti Nọ́ọ̀sì ti dé ṣáájú, wọ́n ń pàtẹ́wọ́ fún mi. Mo tú gàárì, mo gbé e, mo gun orí òṣùwọ̀n, nítorí a gbọ́dọ̀ tún ara wa wọ̀n lẹ́yìn eré, ẹnì kankan ò sì gbọdọ̀ mu omi kó tó gùn ún.

Ẹ̀gbọ́n mi wò ó. Wọ́n ní kí n sọ̀ kalẹ̀, kí n tún gùn ún.

"Kílò mọ́kàndínláàádọ́rùn-ún àtààbọ̀," wọ́n sọ wẹ́rẹ́.

"Ẹ wò ó dáadáa, ẹ̀gbọ́n mi."

"Mo ti wò ó, àbúrò mi."

Òógùn ti gbé ara mi lọ. Èmi tí wọ́n ń pè ní ẹni tó sanra látàárọ̀ ọjọ́, ọjọ́ tí mo nílò rẹ̀ gan-an ni mo rù.

Alága wá síbẹ̀. Ó wo ètè mi tó ti bó, ojú rẹ̀ sì rọ̀. "Àǹtí," ó sọ fún ẹ̀gbọ́n mi, "ẹ kọ àádọ́rùn-ún. Gbogbo wa la rí bí wọ́n ṣe jìyà. Ààbọ̀ kílò ò tó nǹkan."

"Ẹ jọ̀ọ́, ẹ kọ ọ́," Bàbá Ajórin ní.

Ẹ̀gbọ́n mi gbé bírò dání, wọ́n ń wò mí. Mo mọ̀ pé tí mo bá mi orí lásán, wọ́n á kọ ọ́, torí pé wọ́n fẹ́ràn mi. Mo fẹ́ kí wọ́n kọ ọ́. N ò ní parọ́ fún yín, mo fẹ́ ẹ dé inú egungun.

"Ẹ kọ ohun tí ẹ rí," mo sọ. Mo yíjú sí Alága. "Ohun tí o bá fàánú fún mi lónìí, o lè fìbínú gbà á lọ́la. N ò lè máa wá bẹ̀ ọ́ lọ́dọọdún."

Ẹ̀gbọ́n mi kọ ọ́. Mo gbé jọ́ọ̀gì omi orí tábìlì, mo ń mu, mo ń sunkún, méjèèjì pa pọ̀. Wọ́n gbé mi sí ìsọ̀rí tó kù, mo ṣe ipò kẹtàlélógún nínú ẹni mẹ́rìndínlọ́gbọ̀n. Wọ́n pa ìsọ̀rí wa rẹ́ lọ́sẹ̀ yẹn. Bàbá Ajórin ò kí mi fún oṣù kan gbáko, n ò sì dá a lẹ́bi.

Nígbà tí fọ́ọ̀mù ọdún tuntun jáde, kò sí àyè fún ìwúwo mọ́ rárá. Orúkọ, orúkọ ẹṣin, ó tán. Mo jókòó ti káńtà ilé búrẹ́dì, mo fa ìlà kan sábẹ́ orúkọ mi, mo kọ ọ́ síbẹ̀ gàdàgbà: ìwúwo pẹ̀lú gàárì, kílò mọ́kànléláàádọ́rùn-ún. Ẹni tó bá fẹ́ fagi lé e, kó fi ọwọ́ ara rẹ̀ fagi lé e.

Mo gbé e lọ sílé ẹ̀gbọ́n mi, torí àwọn ni wọ́n ń gba fọ́ọ̀mù. Wọ́n wò ó, wọ́n fa dúrọ́ọ̀ tábìlì wọn, wọ́n kó fọ́ọ̀mù jáde, wọ́n tò wọ́n síwájú mi. Ìlà àti ìwúwo wà lábẹ́ orúkọ kọ̀ọ̀kan. Tíṣà ló wà lókè: kílò mẹ́rìndínláàádọ́rin, ó fa ìlà tirẹ̀ gún régé bí ìlà pátákó ìkọ̀wé.

"Ìwọ ni ẹni kejìlá tó kọ ọ́," ẹ̀gbọ́n mi ní. "Alága ti pe ìpàdé sí ọjọ́ Sátidé lórí ọ̀rọ̀ ìsọ̀rí yín."

Mo ní kí wọ́n yá mi ní rúlà, torí ìlà tèmi wọ́.